Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Nígbà Tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bá Pààrọ̀ Kọ́nfárẹ́ǹsì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Amẹ́ríkà. Eré sísá ló gbé e débẹ̀, torí ilé ẹ̀kọ́ náà ń fún un ní sikọ́láṣíìpù tó gbé apá kan nínú owó rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn ń kúrò nínú kọ́nfárẹ́ǹsì eré ìdárayá tí àwọn wà, àwọn yóò sì bọ́ sí òmíràn. Bàbá ọmọ ní àmì pé ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kógbá sílé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbéga ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá Eléré, Mákun, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ọmọ jàre, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n yín jàre, nítorí pé lẹ́tà náà kò tíì sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Kọ́nfárẹ́ǹsì kò ju ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún. Àwọn àjọ ńlá wà lókè wọn, ọ̀dọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí sì ni òfin owó ti ń wá. NCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, pín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta ní 1973, ìyẹn Division I, Division II àti Division III. Èkejì ni NAIA, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Kansas City ní 1937, tó sì jẹ́ pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi wọ́n nìyí: ṣé kọ́nfárẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, àbí wọ́n ń pààrọ̀ àjọ tàbí ìpele mọ́ ọn? Bó bá jẹ́ kọ́nfárẹ́ǹsì nìkan, kò sí òfin tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan sikọ́láṣíìpù ọmọ yín. Àwọn tí yóò máa bá sáré ni yóò yàtọ̀, àti ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì wọn yóò máa gbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti NAIA tàbí Division II ni wọ́n ti ń lọ sí Division III, ọ̀rọ̀ náà gba ìjókòó, nítorí pé òfin Division III kò fàyè gbà á kí ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́bọ̀ torí pé ó mọ eré sá. Wọ́n lè fún un lówó torí pé ó mọ̀wé, tàbí torí pé àwọn òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó ẹsẹ̀ ti tán nìyẹn. Lyon College, ní ìlú Batesville ní ìpínlẹ̀ Arkansas, gba ọ̀nà yìí ní 2023 nígbà tó fi NAIA sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sí fún ẹni tó fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kàwé, nítorí náà, àpò ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó máa wò.

Iye tí ilé ẹ̀kọ́ ń san àti iye tí ẹ̀yin òbí ń san ló wà nínú ìwé I-20 ọmọ yín, ìyẹn ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fún un láti fi gba físà. Bí sikọ́láṣíìpù bá dín kù, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìwé náà ṣe, ẹ ó sì ní láti fi ibi tí ìyókù owó yóò ti wá hàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kó tó lọ bá kóòṣì. Kóòṣì yóò sọ pé kò séwu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè nípa àkókò ìdúró pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń wọ Division II sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta lójú àyẹ̀wò, kò sì lè díje fún ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lábẹ́ NCAA títí wọn yóò fi gbà á wọlé pátápátá. Ọmọ tó ku ọdún méjì kó kàwé jáde lè ṣe bẹ́ẹ̀ parí láìdé ìdíje tó ń lá àlá rẹ̀. Bí ti ìdúró yìí kò bá sí, ọ̀rọ̀ eléré sísá sàn ju ti agbábọ́ọ̀lù lọ, nítorí pé ife kọ́nfárẹ́ǹsì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sábà ń gbà kó tó dé ìdíje orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n iye ìṣẹ́jú àáyá tí eléré sísá fi dé òpin ni wọ́n ń wò, ìbáà jẹ́ inú kọ́nfárẹ́ǹsì wo ló wà.

Ní ti ohun tó ń lé wọn kiri, owó ni. Ọmọ tí wọ́n ń bí ní Amẹ́ríkà ti ń dín kù láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àwọn ọmọ ìgbà náà ló sì ń tó kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó jẹ́ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń jẹun ti rí i pé eré ìdárayá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wá, débi pé ní ibòmíràn, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ eléré. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ti Amẹ́ríkà nìkan lè mú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin wá, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń sanwó. Nítorí náà, kọ́nfárẹ́ǹsì ti di ara ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn fún òbí. Àwọn kan ń wá ibi tó sún mọ́lé kí owó epo bọ́ọ̀sì lè dín kù. Àwọn kan ń wá ojúgbà tí wọ́n jọ gbayì nínú ìwé kíkà, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn: ní oṣù keje 2025, Trinity University ní San Antonio àti Southwestern University, tí àwọn méjèèjì wà ní Texas, bọ́ sí kọ́nfárẹ́ǹsì Southern Athletic Association, níbi tí wọ́n ti ń bá Rhodes College ti Memphis àti Sewanee ti ìpínlẹ̀ Tennessee díje. Lójú tèmi, iyì ni wọ́n rìnrìn àjò náà fún. (Àwọn yunifásítì ńlá ti sọ tiwọn di àṣejù: láti 2024 ni UCLA ní Los Angeles ti wà nínú kọ́nfárẹ́ǹsì Big Ten pẹ̀lú Rutgers ní New Jersey, láti etí òkun kan dé èkejì.)

Ìbẹ̀rù bàbá ọmọ kì í ṣe àsọdùn. Birmingham-Southern College ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1856, kéde ní 2006 pé òun yóò sọ̀ kalẹ̀ láti Division I lọ sí Division III nítorí ìnáwó. Ìsọ̀kalẹ̀ náà kò gbà á là: ó ti ilẹ̀kùn pa ní 31 oṣù karùn-ún 2024, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣekágbá Division III ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹ má ṣe fi ife ẹ̀yẹ wọn àpò ilé ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wádìí bóyá wọ́n ti ń pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ́, bóyá àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn ti kìlọ̀ fún wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì, ẹni tó ní físà F-1 gbọ́dọ̀ yára wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọn yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, alátìlẹ́yìn Remo Stars, tó gba ife NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní 2025. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lé yunifásítì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà torí pé ó ń borí jù? — Ọ̀dọ́ Ìkẹ́nnẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò. University of St. Thomas ní Minnesota wà lára àwọn tó dá kọ́nfárẹ́ǹsì MIAC sílẹ̀ ní 1920. Ó ti dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà, ó sì na St. Olaf ní 97 sí òdo nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ní 2017. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n kéde pé yóò jáde. Ní 2021, ó fò láti Division III bọ́ sí Division I tààrà. Nínú líìgì tiwa, àbájáde ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló ń gbé ẹgbẹ́ ga tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń jókòó pinnu. N kò dá wọn lẹ́bi tán, torí ta ni yóò fọmọ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń nà báyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè pààrọ̀ ẹgbẹ́ báyìí? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Irú ilé ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ló ń sọ ibi tí yóò wà: NUGA, ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, wà fún yunifásítì, NIPOGA wà fún pólì, NICEGA sì wà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, kò sí ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń sá fún. Ilé ẹ̀kọ́ tí ojúlé rẹ̀ yí padà lágbègbè wa ni ti Ìjagun, tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni di Yunifásítì Tai Solarin ní 2005.