Táńkì ńlá kọ́ ló ń fọ́n ọ̀dà

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríidọ̀mù, o fẹ́ ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú táńkì, tí wàá fi máa kun mọ́tò, o wá ń bèèrè bóyá táńkì líta 200 máa tó. Nígbà tí èmi náà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, táńkì ni mo wò. HP 3 (agbára ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn), líta 100, pupa fòò. Mo sanwó.

Mọ́tò àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kan lọ geere. Kí n tó dé àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ géèjì ti wálẹ̀, gọ́ọ̀nù tí mo fi ń fọ́n ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Kàkà kí ọ̀dà fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó ń bọ́ ní kókó-kókó. Kílíà, ìyẹn ọ̀dà dídán tó máa ń wà lókè pátápátá, rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn. Mo fi sáńpépà họ gbogbo ẹ̀ dànù, mo sì fi owó ara mi tún un kùn.

Afẹ́fẹ́ tí gọ́ọ̀nù ń jẹ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Gọ́ọ̀nù tèmi, irú tí wọ́n ń pè ní HVLP (afẹ́fẹ́ púpọ̀, agbára kékeré), ń jẹ CFM 12, ìyẹn bíi líta afẹ́fẹ́ 340 ní ìṣẹ́jú kan. Líta 250 ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n iye tí písítìnì ń fà wọlé nìyẹn, kì í ṣe iye tó ń jáde.

Nítorí náà, wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Ti fáàfù họ́ọ̀sì pa, kó o fi fóònù ka àkókò tí géèjì fi gun òkè láti 80 dé 110 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táńkì ṣe le tó). Tèmi gba ìṣẹ́jú àáyá 72. Psi 30 tó fi gòkè yẹn, pín in sí 14.7, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí, ó di 2.04. Fi líta táńkì sọ ọ́ di púpọ̀: 204. Pín ìyẹn sí ìṣẹ́jú 1.2: líta 170. Ìdajì ohun tí gọ́ọ̀nù ń jẹ!

Kólò ni táńkì jẹ́, owó tó ń wọlé kọ́. Láti 110 wá sí 50 psi, nǹkan bíi líta 408 ni mo rí ná nínú tèmi, mo sì ń jẹ gbèsè 170 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò pé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ tó fi tán. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ yẹn ló wà lórí táńkì 200 tìrẹ, kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá sì tún káwọ́ gbera fún bíi márùn-ún kó tó kún padà. Ẹ̀rọ tí kò sì rí ìsinmi, gbígbóná ló ń gbóná, omi àti epo á máa bá afẹ́fẹ́ jáde, ojú ọ̀dà á lu ihò wẹ́wẹ́.

Ní báyìí, mo máa ń fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé ohun tí gọ́ọ̀nù ń jẹ. 340 di bíi 440 tó gbọ́dọ̀ jáde ní tòótọ́. Lára ẹ̀rọ onípísítìnì, wá èyí tí wọ́n kọ bíi 650 sí. HP 5 ló sábà máa ń jẹ́. Bí wàá bá tún so ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ro tiẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ronú iná o. HP 5 fẹ́ẹ̀ tó kílówáàtì 3.7, ó sì ń fa ìlọ́po bíi mélòó kan ìyẹn nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Mo fi jẹnẹrétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour dán HP 3 yẹn wò rí. Ó gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀kan, ó kú.