Kí ẹ tó kó ọjà lọ sí São Tomé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ṣé àǹkárá àti wíìgì máa tà ní São Tomé, àti pé irú ibo gan-an ni ibẹ̀, mo ti tajà níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọjà máa tà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ojú Balógun wo ibẹ̀, owó yín máa há sórí igbá.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye èèyàn. Erékùṣù méjì ni orílẹ̀-èdè náà, São Tomé tó tóbi àti Príncipe tó kéré, láàárín òkun níwájú Gabon. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 220,000 lọ. Àlìmọ̀ṣọ́ nìkan l'Ékòó fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà. Àwọn tó wà ní Príncipe ò tiẹ̀ tó 10,000. Nígbà kan, àwa mẹ́ta kó sálúbàtà onírọ́bà dé láàárín oṣù kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ sí ti ẹnì kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹsẹ̀ tó fẹ́ wọ sálúbàtà ti wọ̀ ọ́ tán, ẹnì kan nínú wa sì tà á lábẹ́ iye tó rà á kó lè rí owó ilé san. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ni mò ń kó, díẹ̀díẹ̀: àǹkárá, aṣọ ọmọdé, wáyà fóònù, ìpara, irun. Ẹ má ṣe kó ọjà kan ṣoṣo kún kọ̀ńténà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ńténà gan-an tún gba sùúrù. Omi èbúté olú ìlú ò jìn, ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ojú òkun ló ń dúró sí, wọ́n á wá fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ máa kó ẹrù lọ sétí ilẹ̀. Bí òkun bá ń ru, ẹrù yín ń wò yín, ẹ̀yin náà ń wò ó. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn gba ọjà jáde gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹrù kan náà, ó ní ọ̀gá tó gba ti àkọ́kọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bá san, kí ẹ sì wá ẹni tó gbọ́ èdè Potogí dáadáa tẹ̀ lé yín. Bí ẹ bá ń kánjú, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní «leve-leve», ìyẹn ni pé ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó fi ìbínú yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí.

Dobra ni wọ́n ń ná. Wọ́n ti so ó mọ́ yúrò láti 2010, dobra 24.5 ni yúrò kan, èyí sì dára fún oníṣòwò torí ẹ lè ṣírò èrè yín láìbẹ̀rù. Ní 2018 wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára owó náà, síbẹ̀ owó àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ṣì fi ń dá ọjà lé. Ìyá ẹlẹ́ja á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ọkàn yín á já. Dobra 50 ló ń sọ, bíi yúrò méjì. Palaiê ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Wọ́n á dúró sétí òkun kí ọkọ̀ àwọn apẹja tó gúnlẹ̀, wọ́n á ṣa ẹja sínú abọ́, ó di orí, wọ́n á sì gba ọjà lọ. Ẹ bá wọn ṣọ̀rẹ́. Àwọn ló ń ra aṣọ, àwọn ló sì mọ ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san.

Ìgbà tí owó ń wọlé ò dọ́gba. Ìparí oṣù ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbà tí wọ́n bá ra kòkó ni ti àwọn ará oko. Ìgbà tó dùn jù fún aláṣọ ni àjọ̀dún ẹni mímọ́ àdúgbò: ìlú kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wọ aṣọ àná jáde. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ máa rí Tchiloli, eré Ọba Charlemagne àti ọmọ rẹ̀ tó pànìyàn. Ó ń gba wákàtí púpọ̀. Àwọn òṣèré á bo ojú, wọ́n á wọ aṣọ dúdú àti ìbọ̀wọ́ nínú oòrùn gangan, ìlù àti fèrè ò sì ní dákẹ́. Èmi ò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo máa ń dúró dé òpin.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìtàn kòkó wọn, torí ó kan bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ àti ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ nígbà táwọn Potogí dé ní nǹkan bí 1470. Wọ́n kó ẹrú wá láti ìhà Benin àti Kongo láti gbin ìrèké. Kòkó dé láti Brazil ní 1822, nígbà tó sì máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tó ń mú kòkó jáde jù láyé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, láti Àǹgólà, Cape Verde àti Mozambique, ni wọ́n pè ní alágbàṣe, àmọ́ ìyà ẹrú ni wọ́n ń jẹ. Torí ẹ̀ ni Cadbury fi jáwọ́ nínú kòkó náà ní 1909. Ní oṣù Kejì 1953, nígbà tí ìròyìn tàn pé ìjọba Potogí fẹ́ fi tipá kó àwọn ọmọ ìlú lọ sí oko, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Batepá, ìjọba náà sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni wọ́n fi ń rántí wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe bú ọmọ ìṣọ́ọ̀bù yín bí a ṣe ń bú ọmọ iṣẹ́ l'Ékòó. Ọ̀la ò ní bá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ní 1975, ìjọba gba àwọn oko ńlá tí wọ́n ń pè ní roça, kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n pín ilẹ̀ fún ìdílé. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi CECAB ló ń kó kòkó tí kò ní kẹ́míkà lọ tà ní Yúróòpù. Mo máa ń lọ gba gbèsè mi ní oko bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ kòkó sórí pákó lábẹ́ ọ̀rá tó ń jẹ́ kí oòrùn wọlé tí ò jẹ́ kí òjò wọlé, wọ́n á máa fi igi pẹlẹbẹ yí i, wọ́n á sì máa ṣa èyí tó fọ́ kúrò. Òórùn kíkan rẹ̀ máa ń bá aṣọ èèyàn délé.

Ẹ tún béèrè nípa epo rọ̀bì. Ní 2001 ni Nàìjíríà bá wọn tọwọ́ bọ̀wé láti jọ lo agbègbè òkun kan, ìdá 60 fún wa, 40 fún wọn. Wọ́n gbẹ́ kànga ní 2006, epo tó tó tà ò jáde. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé owó epo ń bọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́.

Iná ọba wọn ń lọ bíi tiwa, ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà. Oúnjẹ ò ní ni yín lára: calulu ni ọbẹ̀ wọn, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ilá àti oríṣiríṣi ewé, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún. Gbẹ̀rẹ̀fútù yíyan pọ̀ lójú títì.

Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ gba ọ̀nà gúúsù lọ. Ẹ máa rí Pico Cão Grande, òkúta tó yọ nínú igbó bí ìka, gíga rẹ̀ ju 300 mítà lọ. Igbó Obô kún fún ẹyẹ tí kò sí níbòmíì láyé, sèbé dúdú náà wà níbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Príncipe ni odídẹrẹ́ pọ̀ sí, wọ́n ń fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ra ohun tí wọ́n fi igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun ṣe, bó ti wù kó dán tó. Òfin ti dè é láti 2014, ẹ̀yin oníṣòwò àjèjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ àpò yín wò.

Ẹ lọ láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, òjò kì í pọ̀ nígbà yẹn. Yúrò ni kí ẹ mú lọ́wọ́, káàdì báǹkì wa ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gba náírà. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù báàgì méjì lọ, kí ẹ fi yẹ ọjà wò, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kọ̀ńténà.