Ẹ Bi Wá: Mọ́ọ̀dù pọ̀, káàdì kéré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8GB, káàdì àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ 2GB. Mọ́ọ̀dù 128, ìyẹn àfikún tó ń yí géèmù padà, ni mo kó sórí géèmù Skyrim Special Edition. Nínú igbó, ó ń lọ geere. Bí mo bá ti wọ ìlú Whiterun báyìí, á dúró gbagidi, á fò, á tún dúró. Ṣé kí n yọ ìdajì wọn dànù ni? (Òǹkàwé kan, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Iye mọ́ọ̀dù kọ́ ni wàhálà yín. Ọgọ́ta mọ́ọ̀dù tó kàn ń tún iye owó ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìlú ṣe lè má wúwo tó ẹyọ kan ṣoṣo tó pààrọ̀ gbogbo òkúta ìlú. Texture ni kí ẹ fura sí, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń bo ògiri, òkúta àti aṣọ inú géèmù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Texture 4K kan jẹ́ 4096 níbùú, 4096 lóròó. Bí wọ́n bá fi BC7, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ àwòrán di kékeré, fún un pọ̀, 16MB ni. Ẹ ro àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí géèmù ń lò fún ohun tó wà lókèèrè mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 21MB. Ti 2K jẹ́ nǹkan bí 5MB, ti 1K ò pé 1.5MB. Texture 4K bíi 97 ti kún 2GB yín dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan sábà máa ń lo méjì: ọ̀kan fún àwọ̀, ọ̀kan fún ibi tó yọ àti ibi tó jin lára rẹ̀. Kò ní tó àádọ́ta nǹkan kí àyè tó tán. Èyí tí kò ráyè á lọ wọ̀ sínú RAM. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí káàdì, ó sì lọ́ra, òun lẹ fi ń rí i tó ń dúró.

Ẹ kọ́kọ́ fojú ara yín rí i. Bí géèmù ṣe ń lọ, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ wọ Performance, ẹ yan GPU. Bí Dedicated GPU memory (àyè inú káàdì fúnra rẹ̀) bá kún, tí Shared (àyè tó ń yá lára RAM) sì ń gòkè bí ẹ ṣe ń wọ ìlú, àwòrán ni. Bí GPU bá jẹ́ méjì níbẹ̀, ẹ wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ti inú CPU máa làágùn, kí káàdì gidi máa sùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà save yín (fáìlì tó ń pa ibi tí ẹ bá eré dé mọ́), kí ẹ dá profile mìíràn, ìyẹn àkójọ mọ́ọ̀dù mìíràn, sílẹ̀ nínú Mod Organizer 2, ètò tí wọ́n fi ń to mọ́ọ̀dù. Ẹ fi WinDirStat wo fódà mods, á fi àwọn tó tóbi jù hàn yín. Ẹ padà síbi tí ẹ ti gbà wọ́n, ẹ mú ẹ̀dà 2K tàbí 1K. Data yín náà á sinmi. Èyí tí kò bá ní ẹ̀dà kékeré, Cathedral Assets Optimizer lè dín in kù, àmọ́ lórí ẹ̀dà fódà náà ni kí ẹ ti ṣe é, torí ohun tó bá ti dín kù kì í tóbi padà. Òkè àti ilẹ̀ lè wà ní 2K. Ife àti abọ́, 1K ti pọ̀, 512 náà dára. Ta ló fẹ́ fi imú kan ife?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á gbé texture 1K wá, wọ́n á fi LOOT to ó títí, kò ní hàn. Nínú Mod Organizer 2, ìlà plugin (fáìlì tí mọ́ọ̀dù fi ń bá géèmù sọ̀rọ̀) tó wà lápá ọ̀tún nìkan ni LOOT ń tò. Apá òsì ló ń sọ fáìlì tó borí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń borí.

Bí ENB, ètò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe géèmù lọ́ṣọ̀ọ́, bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Káàdì 2GB ò lè gbé e. Nínú SkyrimPrefs.ini, ẹ sọ iShadowMapResolution, ìyẹn ìtóbi àwòrán òjìji, di 1024. Texture ò ní kí ẹ má yọ òun nígbàkigbà, àmọ́ mọ́ọ̀dù tó ní script (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ bí eré ṣe ń lọ), bíi ti ebi àti òtútù, ẹ má yọ ọ́ láàárín eré. Àjẹkù rẹ̀ á wà nínú save yín, á sì máa dá wàhálà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Minecraft mi ní mọ́ọ̀dù 150, RAM 8GB. Mo fún un ní 7GB, ó wá burú sí i. (Tanke, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ebi lẹ fi ń pa Windows. Bí kò bá ráyè nínú RAM, á lọ máa fi disk ṣe RAM, disk ò sì yára tó bẹ́ẹ̀. Java, èyí tí Minecraft fi ń ṣiṣẹ́, náà ní tiẹ̀ ń kó pàǹtí jọ: bí ààtàn bá ṣe tóbi tó ni gbígbá rẹ̀ lè pẹ́ tó, géèmù á sì dúró dè é. Ẹ wọ Installations, ẹ tẹ Edit, lẹ́yìn náà More Options. Ní JVM Arguments, ẹ sọ ọ́ di -Xmx4G, ìyẹn 4GB. Ẹ pa Chrome. Bí Fabric, ètò tó ń gbé mọ́ọ̀dù wọ Minecraft, lẹ ń lò, ẹ fi Sodium, Lithium àti FerriteCore sí i, mọ́ọ̀dù tó ń mú géèmù fúyẹ́ ni wọ́n, kí render distance (bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó nínú géèmù) má ju 8 lọ.

Ìbéèrè: Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ máa ń dára, lẹ́yìn náà gbogbo ibi á fà. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù. (Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Ooru ni, kì í ṣe mọ́ọ̀dù. Eruku ọyẹ́ ti dí ibi tí fáànù ń gbà mí. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ fi igi ìtayín há fáànù kó má yí, ẹ wá fẹ́ eruku náà jáde. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá lọ tó sì bọ́ sórí bátìrì, á tún fà, torí ó ń ṣọ́ agbára lò ni. Ẹ dín FPS, ìyẹn iye àwòrán tó ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kù sí 30 títí iná á fi dé.