Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Ìrànwọ́ fún Ẹgbẹ́ Òṣèré Tó Fẹ́ Rìnrìn Àjò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ onídàdàkúàdà ni wá ní Ìlọrin. A fẹ́ ṣeré kiri Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn onílù ju agbára wa lọ. Ẹnìkan ní kí á yáwó ṣe é ná, pé tí a bá kọ̀wé lẹ́yìn náà, owó ìrànwọ́ ìjọba yóò san gbèsè náà. Ṣé òótọ́ ni?
Olórí ẹgbẹ́, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí àpẹẹrẹ, owó àkànlò tí UNESCO ń fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lábẹ́ Àdéhùn ọdún 2005 lórí dídáàbò bo onírúurú àṣà, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2008, kì í san gbèsè tàbí èlé, àwọn àjọ ni wọ́n sì ń fún, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ olórí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà ni ìbéèrè pé kí ni àwọn fúnra wọn mú wá. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ láti 1965 sábà máa ń retí pé kí ẹgbẹ́ wá iye tó bá owó tí wọ́n bèèrè dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ náà wà nínú ìṣirò. Bí Òmù-Àrán bá fún yín ní gbọ̀ngàn àti ibùsùn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ìbá san sí i. Ó níye lórí ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ nínú ìwé ìbéèrè. Ti Èsìẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ ṣeré nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó o ni ẹ ó ti gba àṣẹ.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo, nítorí àwọn tó ń fúnni lówó ìrànwọ́ sábà máa ń dá owó ìkẹyìn dúró títí ìjábọ̀ yín yóò fi dé. Awakọ̀ tí kò ní rìsíìtì lè buwọ́ lu ìwé tó ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti iye owó.