Kí ló dé tí àyà kì í dún tí mo bá ń fi ìka kàn án?

O ní akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni ọ́, pé ìka rẹ kì í dún tí o bá fi ń kan àyà aláìsàn láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tàbí omi ló wà nínú rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló níṣẹ́ yìí, kì í ṣe agbára. Tẹ ìka àárín ọwọ́ òsì mọ́ àlàfo egungun ìhà, kí àwọn ìka yòókù má fara kan àyà. Fi ṣóńṣó ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún kan ìka òsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí o tètè gbé e kúrò. (Gé èékánná rẹ o!) Kọ́kọ́ kan itan ara rẹ: ohùn tó kú nìyẹn. Àyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ máa ń dún bí agbè òfìfo. Tí omi bá wà níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn kan ògiri ni. Fi ọ̀tún wé òsì kí o tó sọ̀kalẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ọ̀tún níwájú bá kú, ẹ̀dọ̀ ni, má fòyà.

Ṣáájú gbogbo èyí, di ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn, kí o máa ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá mọ̀ pé ò ń kà á, èémí á yí padà. 12 sí 20 ló yẹ àgbà tó ń sinmi. Stethoscope, ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ohùn inú àyà, ló kẹ́yìn.