Kí ni ọwọ́ tí wọ́n ń jù sókè nígbà tí punt bá ń bọ̀ túmọ̀ sí?

Àbúrò kan ló bi mí pé, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì, kí ló dé tí ẹni tó dúró sẹ́yìn láti gba punt, bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá fẹsẹ̀ gbá wá, á kàn ju ọwọ́ sókè, á gba bọ́ọ̀lù tán, á wá dúró gbagidi, kò ní sáré, ṣé ẹ̀rù ló ń bà á ni. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ṣàlàyé ẹ̀ nínú fídíò pé ojo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ tó nà sókè yẹn, ti ẹni tó rí ọlọ́pàá ni, ó wá fi òwe dé e lórí, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ gbà mí o. Irú àlàyé yìí ló máa ń bí mi nínú jù, torí òwe lẹni yẹn mọ̀, kò mọ pápá, kódà òwe ọ̀hún náà ò bá ibi tó lò ó mu. Ẹni tó ń wá oyin inú àpáta, àáké ara ẹ̀ ló gbé lọ. Tí ẹnu àáké bá kú, òun nìkan ló kú fún, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ returner, ẹni tó ń gba punt, ńkọ́? Ti gbogbo tíìmù ni, tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gbogbo ilé ló jẹ gbèsè. Ẹ máa ro òwe wò kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ jọ̀ọ́.

Fún àwọn tó jẹ́ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ni wọ́n mọ̀: tíìmù tó ní bọ́ọ̀lù ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi gbé e síwájú yáàdì 10. Tó bá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀nà ṣì jìn, wọ́n sábà máa ń fẹsẹ̀ gbá a dà nù sọ́dọ̀ ọ̀tá, kó lọ jìnnà, òun ni punt. Returner lẹni tí ọ̀tá fi sẹ́yìn láti gbà á. Ó lè gbà á kó sáré, ó lè ju ọwọ́ kó gbà á kó dúró, ó sì lè yẹra fún un kó máa yí lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tí mò ń bá wọn ṣeré ní Sátidé nìyí, ó ti sú wọn, èmi ò sì ní yé sọ ọ́: ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ ojo, àdéhùn ni. Returner ń sọ fún wọn pé mi ò ní sáré, àwọn tó ń sáré bọ̀ ń sọ pé ó dáa, a ò ní fọwọ́ kàn ẹ́. Tí wọ́n bá kọlù ú, rẹfirí á gba yáàdì 15 lọ́wọ́ wọn. Tí òun náà bá gbà á tán tó lóun fẹ́ rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, yáàdì 5 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ òun náà, bọ́ọ̀lù ti kú, eré ti dúró, níbi tó ti gbà á. Ṣé ojo ló ń dá irú àdéhùn yẹn sílẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀tá ti súnmọ́ tòsí, tó wojú òkè, tó wojú ilẹ̀, tó ṣírò ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọlọ́gbọ́n lèmi máa pè é.

Ẹni tí kò bá sì gbà pé àdéhùn ni, kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kinnick Stadium, ní Iowa City, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Yunifásítì Minnesota ló ń bá ti Iowa gbá a, Minnesota ní 12, Iowa ní 10, àkókò ti fẹ́ẹ̀ tán, kò tó ìṣẹ́jú méjì mọ́. Minnesota gbá punt, bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó ń ta gìrì gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, Cooper DeJean tó ń gba punt fún Iowa sá tẹ̀lé e, ó gbé e, ó yí, ó gba àárín wọn kọjá, ó sá yáàdì 54 wọ inú end zone, ilé ọ̀tá ní ìparí pápá. Ariwo! Gbogbo stadium dà rú, wọ́n rò pé àwọn ti wọlé. Àwọn rẹfirí lọ wo fídíò bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ìlà. Ẹsẹ̀ ò kàn án. Àmọ́ wọ́n rí ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń tọ́ka bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì wà nísàlẹ̀, ó ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó gbé bọ́ọ̀lù. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì sọ ọ́ ketekete pé ọwọ́ tí kò gòkè orí tó bó ṣe yẹ, àmọ́ tó jù, ọwọ́ ni, ó pa bọ́ọ̀lù náà kú. Wọ́n fagi lé touchdown, ìyẹn wíwọlé tó wọlé yẹn, wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà síbi tó ti gbé e, Iowa ò rí nǹkan kan fi ṣe é, 12 sí 10 ló parí sí.

Títí dòní làwọn ará Iowa ṣì ń bínú, mo mọ̀ wọ́n, n ò tiẹ̀ dá wọn lẹ́bi pé inú bí wọn. Àmọ́ àwọn rẹfirí ò ṣe àṣìṣe. Wọ́n á ní ọmọ náà ò ní in lọ́kàn láti dúró, ó kàn ń fi ọwọ́ lé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wo inú ọkàn ẹ̀? Ìwọ lo ni ọwọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀tá ló ń wò ó, ohun tó rí ló máa fi ṣe ìpinnu bóyá kóun dẹ eré tàbí kóun má dẹ̀ ẹ́. Tó o bá ti ní kí ìyá ọlọ́jà bá ẹ di í, o ò lè dé ẹ̀gbẹ́ títì kó o ní eré lò ń ṣe.

Lílé àwọn ẹgbẹ́ kúrò yẹn náà, ìdí wà tí wọ́n fi ń ṣe é. Tí punt bá balẹ̀ tó ń ta kiri, tó bá kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbà, ì báà jẹ́ ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i tó ń dènà fún wọn, àwọn tó gbá a lè mú un, ó di tiwọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ tí returner ń pariwo "Peter! Peter!", àwọn tíìmù míì á ní "Poison!", kí gbogbo ẹgbẹ́ sá. Ẹnu ni kó fi máa lé wọn. Kó fi ọwọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn ti gbàgbé ibi tá a ti ń bọ̀. Nígbà kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní halo: àwọn tó ń sáré bọ̀ gbọ́dọ̀ fi yáàdì 2 sílẹ̀ fún returner títí bọ́ọ̀lù á fi kàn án, ì báà ju ọwọ́, ì báà má jù ú. Wọ́n fa òfin yẹn ya ní 2003. Látìgbà náà, wọn ò gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́ kó tó gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí bọ́ọ̀lù bá kàn án lọ́wọ́, ẹni tó wà ní ìmú ẹ̀ lè tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbogbo àwọn tó wà níwájú ẹni tó ń gbá punt ló lè sá lọ tí wọ́n bá ti ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún un, ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó, àwọn méjì tó wà létí ìta nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ó gbá a. Ìyẹn ni pé èrò tó ń bọ̀ wá bá ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí pọ̀ ju ti àwọn tó ń gbowó lọ, ẹ tún ń pè é ní ojo! Fóònù ló fà á, jàre. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fídíò kéékèèké tí ẹnì kan ti sáré wọlé nìkan ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó ń gbé fídíò ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tó sì dúró.

Wọ́n á ní Billy Cannon, ọmọ LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana), ńkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa pè é. LSU bá Ole Miss (Yunifásítì Mississippi), ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ní Baton Rouge, Ole Miss ti gba 3, kóòṣì LSU, Paul Dietzel, ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé punt tó bá ti kọjá yáàdì 15 tiwọn, ìyẹn yáàdì 15 sí ẹnu ilé wọn, Cannon gbé e ní 11, ó sá yáàdì 89, wọ́n borí, 7 sí 3, ó sì gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dáa jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́dún yẹn. Ó dáa. Ṣé ẹ rántí pé lẹ́yìn eré yẹn Ole Miss tún wa bọ́ọ̀lù dé yáàdì 1 LSU, àfìgbà tí wọ́n dá wọn dúró níbẹ̀, tí Cannon fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó dá wọn dúró? Ẹyọ ẹnì kan tó rú òfin tó sì là á já lẹ ń kọrin ẹ̀, ẹ ò ka àwọn tó rú u tó bàjẹ́.

Òfin tí wọ́n ń kọ́ wọn báyìí ni kí returner fi gìgísẹ̀ lé yáàdì 10, kó má sún sẹ́yìn mọ́. Èyí tó bá gba orí ẹ̀ kọjá, kó fi sílẹ̀. Tó bá yí wọ end zone, yáàdì 20 ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá wá lọ gbé e ní yáàdì 5 tí wọ́n tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, yáàdì 15 ló fi tọrẹ. Ẹ wo eré Rose Bowl ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, Michigan bá Alabama, 20 sí 20, ìṣẹ́jú kan ò pé mọ́, punt dé, Jake Thaw ti Michigan lọ gbà á nítòsí ẹnu ilé tiwọn, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sá tẹ̀ lé e ó sì dùbúlẹ̀ lé e ní yáàdì 1. Ká ní ọmọ Alabama kan ló kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Michigan padà borí ní àfikún àkókò, 27 sí 20, wọ́n sì gba ife ọdún yẹn.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má sáré o. Nelson Agholor tí wọ́n bí ní Èkó, nígbà tó wà ní USC (Yunifásítì Southern California), ó sáré wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti orí punt nínú eré kan ṣoṣo, wọ́n bá Cal (Yunifásítì California) gbá a ní 2013. Ibi tó dáa ló ti gbà á, ó rí àyè. Kó lé akátá lọ ná, kó tó fàbọ̀ fún adìẹ.

Ìbéèrè kejì tí àbúrò yẹn tún bi mí, pé tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ returner ṣé àwọn tó gbá a lè gbé e sá wọlé: rárá, tí kò bá tíì di í mú dáadáa, wọ́n lè mú un, àmọ́ ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Tó bá ti di í mú, tó ti ń sáré, kó tó já bọ́, ìyẹn yàtọ̀, wọ́n lè gbé e lọ tààrà.