Ta ni ó sanwó ogun tí wọ́n gbé ti àwọn àgbẹ̀ Massachusetts?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọ ọmọ mi ń ka ìtàn Amẹ́ríkà ní ilé-ìwé, ó sì kà mí létí nípa àwọn àgbẹ̀ tí Daniel Shays ṣáájú láti bá ìjọba jà. Ohun tí kò yé àwa méjèèjì ni pé, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kò lówó, níbo ni ó ti rí ìbọn, oúnjẹ àti owó iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun? — Ìyá olóbì, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Owó ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, owó náà ni ó sì parí rẹ̀, nítorí náà ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1786, gbèsè ogun òmìnira wà lọ́rùn ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì bu owó orí tí ó wúwo lé àwọn ará ìlú, owó wúrà àti fàdákà ni ó sì fẹ́ gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì mọ bí ó ti ń rí kí obì kún agbọ̀n, kí olówó sì yarí pé owó lòun fẹ́, òun kò gba obì. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ní ọkà àti màlúù, ṣùgbọ́n wọn kò ní owó ẹyọ. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, onígbèsè a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ní tiwọn, ilé-ẹjọ́ ni ó ń gba oko, tí ó sì ń ju onígbèsè sẹ́wọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn ti jagun òmìnira láìrí owó iṣẹ́ wọn gbà pé, èyí sì dùn mí púpọ̀ nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìtàn náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1786, wọ́n dí ilé-ẹjọ́ Northampton pa.

Gómìnà James Bowdoin pe mìlíṣíà, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ń gbé ìbọn nígbà tí ìjọba bá ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ti Worcester kọ̀, wọn kò jáde sí aládùúgbò wọn. Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé-aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní kí a kó ọmọ ogun 1,340 jọ; nínú gbogbo ìpínlẹ̀, Virginia nìkan ni ó dá owó tirẹ̀. Ìgbà náà ni Ọ̀gágun Benjamin Lincoln, tí ó ṣáájú ogun ìpínlẹ̀ náà, tọ àwọn oníṣòwò lọ. Nígbà tí oṣù kìíní 1787 fi máa parí, àwọn oníṣòwò tí ó ju 125 lọ ti dá ohun tí ó lé ní 6,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi kó nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun jọ. Àwọn tí ìwé gbèsè ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àwọn tí ìjọba jẹ lówó, wà lára àwọn tí ó dáwó. Lójú tèmi, ogun olówó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ ìjọba ni wọ́n fi jà á.

Ní ti ìbọn, Springfield ni ilé ohun ìjà ìjọba àpapọ̀ wà. Ọ̀gágun William Shepard, tí ó ń jà fún ìjọba, àti nǹkan bí 1,200 mìlíṣíà rẹ̀ kó ìbọn àti àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, níbẹ̀ láìgba àṣẹ Kóńgírẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dé ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní, àgbá ni wọ́n fi dá wọn lóhùn: mẹ́rin kú, nǹkan bí ogún fara gbọgbẹ́, kò sì sí ẹni tí ó yin ìbọn ọwọ́ níhà méjèèjì. Lincoln fi òru rin nínú yìnyín dé Petersham ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, ó bá wọn lójijì, ó sì mú nǹkan bí 150.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí náà ni ilé-aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí ìjọba san owó àwọn oníṣòwò padà. Inú àpò ìlú ni owó náà ti jáde, owó orí ni ó sì ń kún àpò ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó sanwó ogun tí a gbé tì wọ́n. Ní ọdún náà gan-an, àwọn olùdìbò yọ Bowdoin, wọ́n fi John Hancock rọ́pò rẹ̀, ilé-aṣòfin tuntun sì dín owó orí kù.